Odi Tí Ìjọba Ní Kí A Mọ sí Iwofe

Ọdún 1969 ni ìjọba gbé mi láti Ìbàdàn lọ sí Port Harcourt, kí n lọ máa bójú tó iṣẹ́ ilé kíkọ́. Ogun kò tíì parí. Ìlú ti bọ́ sọ́wọ́ àwọn sójà ìjọba àpapọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ní àwọn ọ̀tá ṣì ń fi ọkọ̀ ojú omi gba Iwofe, etídò kan ní ẹ̀yìn ìlú, wọlé. Ìjọba bá fi owó sílẹ̀ pé kí a mọ odi sí etídò náà, kí àwọn apẹja ibẹ̀ fúnra wọn mọ ọ́n, kí wọ́n sì gbowó iṣẹ́.

Mo rò pé wọn yóò dúpẹ́. Bí mo bá ti dé, ńṣe ni gbogbo wọn ń kẹ̀yìn sí mi. Ìyá àgbà kan tó ń yan ẹja, tí gbogbo wọn ń gbọ́rọ̀ sí lẹ́nu, ló bi mí léèrè lọ́jọ́ kan:

"Oga, dis wall, e dey block enemy, abi na us e dey block?"

Èmi náà sì ń fura sí wọn. Bí mo bá dé láàárọ̀, mà á bá ojú kan lára odi tí wọ́n ti yọ búlọ́ọ̀kù rẹ̀. A ó dí i, wọn á tún ṣí i. Ọ̀gá sójà tó ń ṣọ́ etídò, ọmọ Ìjẹ̀bú, fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ẹ̀gbọ́n, ọ̀nà ni wọ́n ń là fún ọ̀tá. Ẹ má jẹ oúnjẹ wọn o."

N kò jẹ ẹ́. Ìyá náà fún mi lẹ́ja yíyan, mo dúpẹ́, mo sì jù ú nù nígbà tí mò ń padà sí Rumuigbo tí mò ń gbé.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, èmi àti ọ̀gá sójà ń wo ihò yẹn nígbà tí ọkọ̀ kékeré kan yọ láti inú igbó òdìkejì. Sójà kan gbé ìbọn. Kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀, ìyá àgbà ti gba inú ihò náà bọ́ sódò. Omi mù ún dé àyà, ó na ọwọ́ méjèèjì, ó dí ojú ìbọn.

"Na my pikin! Na my pikin be dat!"

Obìnrin kan ló wà nínú ọkọ̀ náà pẹ̀lú ọmọ méjì. Ẹsẹ̀ àwọn ọmọ náà ti wú, irun wọn ti pọ́n, ebi ò sì jẹ́ kí wọ́n lè sunkún.

Ọ̀gá sójà kọjú sí mi. "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ mọ̀ wọ́n?"

"Mo mọ̀ wọ́n dáadáa." N kò mọ̀ wọ́n rí.

Ó ní kí wọ́n gbé ìbọn sílẹ̀. Wọ́n tú inú ọkọ̀ náà yẹ́bẹ́yẹ́bẹ́, ẹní àti ìkòkò òfìfo ni wọ́n bá níbẹ̀.

Lẹ́yìn náà mo lọ bá àwọn ọ̀gá mi pé odi tí kò lẹ́nu-ọ̀nà kò lè dúró ní Iwofe. Wọ́n jẹ́ kí a fi ilẹ̀kùn sí i, kí sójà máa ṣọ́ ọ. Kò sẹ́ni tó yọ búlọ́ọ̀kù mọ́.

Ẹnì kan ti túmọ̀ ọ̀rọ̀ mi fún ìyá àgbà, ṣùgbọ́n kò dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ó dé ibi tí mo jókòó sí, ó ní, "Why you lie for us? Wetin you want?"

Mo ní n kò fẹ́ nǹkan kan. Ó tẹjú mọ́ mi títí, ó mirí, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Mo mọ̀ pé kò gbà mí gbọ́. Títí wọ́n fi gbé mi kúrò níbẹ̀ ní 1970, òkèèrè ló ti máa ń kí mi.