Tírélà Ràmọ́nì àti Kọ́nà Ilé Àwáwù

Nígbà tí mo wọ ilé ọkọ ní Ṣakí, mo sọ gbogbo ọmọ ilé lórúkọ tuntun. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe é: ìyàwó ilé kì í la ẹnu pe ọmọ ilé ní orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́, kódà kó jẹ́ èyí tí wọ́n bí lánàá. Àbúrò ọkọ mi kan tí kì í jí bọ̀rọ̀, mo pè é ní Ajíṣefínní. Ràmọ́nì, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, ni mo pè ní Bàbá Jẹ́jẹ́. Jórinjórin ni. Láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ ni irin ń ké ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lójú ọ̀nà Àgọ́-Àmọ̀dù, ṣùgbọ́n bí òun fúnra rẹ̀ bá ń sọ̀rọ̀, àfi kó o fetí sílẹ̀ dáadáa. Bí o bá bi í léèrè ọ̀rọ̀ láàárọ̀, ọ̀sán ni yóò fèsì, nígbà yẹn ìwọ ti gbàgbé ohun tó o bi í. Ìwà náà máa ń bí mi nínú. Síbẹ̀, mo fẹ́ràn rẹ̀ ju gbogbo àwọn tó kù lọ.

Ohun tí katakata ń fà lẹ́yìn ni iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ gan-an. Ó ń ṣe tírélà tí wọ́n fi ń kó iṣu, èyí tí wọ́n fi ń gbé àgbá omi, èyí tí wọ́n fi ń ru páìpù kànga. Kì í yà á sórí ìwé. Yóò gbá ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù mọ́, yóò mú èédú, yóò sì ya gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe máa gùn tó gan-an. Bí a bá gbé oúnjẹ lọ fún un, ńṣe la máa ń fo ìlà wọ̀nyí kọjá kí a má baà fẹsẹ̀ pa wọ́n rẹ́. Ohun tó gùn ló fẹ́ràn jù. Ó máa ń sọ pé, "Ohun kúkurú, ẹnikẹ́ni lè gbé e. Ohun gígùn ló ń fi ọgbọ́n èèyàn hàn."

Ìyàwó rẹ̀ àkọ́kọ́ ti kú kí n tó dé ilé náà. Ọdún ń lọ, ọdún ń bọ̀, kò fẹ́ ẹlòmíràn, àfi ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í yà lọ́dọ̀ Àwáwù. Àwáwù ń ṣe èlùbọ́ tà. Òfíkì ló ti kọ́kọ́ lọ́kọ, ọkọ náà kú láìjẹ́ pé wọ́n bímọ, ló bá padà sílé ìyá rẹ̀ ní Ṣakí láti wá tọ́jú arúgbó náà. Bàbá Jẹ́jẹ́ ń ra èlùbọ́ lónìí, ó ń ra èlùbọ́ lọ́la, gbogbo kọ̀rọ̀ ilé wa kún fún èlùbọ́. Nígbà tó yá, mo ní, "Ọkọ mi, ẹ sọ̀rọ̀ fún obìnrin yìí kí èlùbọ́ tó lé wa jáde nílé." Ó fèsì ní ọjọ́ kejì. Ó ní òun ti gbọ́. Èmi ni mo lọ bá Àwáwù sọ ọ́. Àwọn ẹbí pàdé, inú gbogbo wọn dùn, wọ́n sì fi yìgì sí ẹ̀yìn ìkórè.

Ìyá Àwáwù ti jáde láyé nígbà yẹn. Ojúde ilé rẹ̀ ni wọ́n sin ín sí, ní igun ibi tí ọ̀nà oko ti yà, nítorí òun fúnra rẹ̀ ló bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n tẹ́ òun síbi tí òun ó ti máa gbọ́ ohùn àwọn tó ń lọ tó ń bọ̀. Wọ́n fi sìmẹ́ńtì yí ojú oórì náà ká, kò ga ju ọrùn ẹsẹ̀ lọ. Àràárọ̀ ni Àwáwù ń gbá ibẹ̀. Á ní, "Ẹ ò jíire, ìyá mi?" Á wá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, á máa bẹ iṣu èlùbọ́. Kò ní ẹ̀gbọ́n, kò ní àbúrò, kò ní ọmọ. Ibẹ̀ ló ti máa ń sọ ohun tó bá wà lọ́kàn rẹ̀.

Ọdún 1983 ni ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn àgbẹ̀ àdúgbò wa ra ẹ̀rọ ìkórè. Àgbàdo ọdún náà pọ̀ ju ọwọ́ tó máa ṣẹ́ ẹ lọ, àwọn ọ̀dọ́ sì ti gba Èkó lọ. Àlàájì Mùílì, olórí ẹgbẹ́, mú okùn, ó wọn ọ̀nà oko, ó lọ wọn ẹ̀rọ náà níbi tí wọ́n ti ń tà á, ó ní ọ̀nà gbà á. Òótọ́ ni, ó gbà á. Ṣùgbọ́n ẹnu tí ẹ̀rọ náà fi ń jẹ àgbàdo kò sí lára rẹ̀ lọ́jọ́ tí Àlàájì wọ̀n ọ́n. Ọkọ̀ mìíràn ló gbé e tẹ̀lé e bọ̀. Wọ́n wọn ara, wọn kò wọn ẹnu. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ, àwọn bàbá wa sọ ọmọ lórúkọ tán kí wọ́n tó wolé. Nígbà tí ẹnu ọ̀hún dé, ó fẹ̀ tó ara lọ́nà méjì, eyín irin sì tò síwájú rẹ̀ ṣọ́ṣọ́rọ́. Bí wọ́n bá dè é mọ́ ẹ̀rọ, kò lè gba àárín ilé kọjá, àpáta ló sì dí gbogbo ọ̀nà yòókù. Ni Àlàájì bá ní kí Ràmọ́nì ṣe tírélà gígùn kan, kí wọ́n na ẹnu náà sórí rẹ̀ ní gbọọrọ, kí katakata máa fà á lọ sóko.

Ó ṣe é. Tírélà náà gùn, ó rẹwà, ó kùn ún ní àwọ̀ ewé. Gbádébọ̀ ló wa katakata lọ́jọ́ náà, ó rọra ń wà á, gbogbo àdúgbò sì jáde wá wò ó. Ó dé kọ́nà ilé Àwáwù, ó yà sọ́tùn-ún, katakata kọjá, a pàtẹ́wọ́. A ò tíì pàtẹ́wọ́ tán tí iwájú fi lọ tààrà tí ẹ̀yìn sì gba àbùjá. Táyà ẹ̀yìn gun ojú oórì, igun sìmẹ́ńtì fọ́, ó rún wómúwómú. Àwáwù tó ń bẹ iṣu níbẹ̀ ti fò sẹ́yìn. Kò pariwo. Ó kúnlẹ̀, ó ń ṣa àfọ́kù sìmẹ́ńtì sínú ìró rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìbá sàn kó pariwo.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ló ránṣẹ́ pè mí. Ó di gbogbo aṣọ tí Bàbá Jẹ́jẹ́ ti fún un sínú ìdì kan, ó gbé e lé mi lọ́wọ́.

Ó ní, "Ìyá Mọ́nsúrù, ẹ bá mi dá a padà fún un. Ọkùnrin tí kò rí ìyá mi nílẹ̀, ṣé èmi ni yóò wá rí?"

Mo bá a jà. Mo ní irin kò lójú. Ó ní ẹni tó ṣe irin lójú. Mo gbé ìdì náà lọ. Bàbá Jẹ́jẹ́ gbà á lọ́wọ́ mi bí ẹni gba ọmọ tuntun, ó gbé e lé itan, ó jókòó sórí irin tó ṣẹ́kù nínú iṣẹ́ tírélà, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. N kò rí i kó sunkún rí. Ó dùn mí wọ egungun.

Ṣùgbọ́n ọyẹ́ kò dúró de ẹnikẹ́ni. Àgbàdo ti gbẹ nínú oko, koríko ti gbẹ yí i ká, iná igbó kan ṣoṣo ló kù kí gbogbo rẹ̀ di eérú. Àwọn àgbẹ̀ péjọ sí ojúde Àlàájì, bàbá kékeré Àwáwù sì wà níbẹ̀. Òun ló kọ́kọ́ sọ ọ́: kí wọ́n wó sìmẹ́ńtì kúrò, kí wọ́n tẹ́ ojú oórì náà pẹrẹsẹ, kí ọ̀nà lè gbòòrò. Wọ́n bi Àfáà. Ó ní kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀ bí oórì bá tẹ́jú. Kò sẹ́ni tó bi Àwáwù. Èmi àti òun dúró sẹ́yìn fèrèsé ilé Àlàájì, ọwọ́ rẹ̀ wà nínú ọwọ́ mi, ó tutù.

Àlàájì yíjú sí Ràmọ́nì. Ó ní, "Ìwọ lo fẹ́ fẹ́ ẹ. Bá a sọ̀rọ̀. Tìẹ ló máa gbọ́."

Bàbá Jẹ́jẹ́ kò dúró di ọ̀sán kó tó fèsì lọ́jọ́ yìí. Ó dọ̀bálẹ̀, ó dìde, ó ní, "Àlàájì, ẹ má bínú. Ibi tí a bá pè lórí, a kì í fi tẹlẹ̀. Irin mi ló ṣẹ̀, irin mi ni kí ẹ jẹ́ kí n tún ṣe. Ẹ fún mi títí di ọjọ́ ọjà tó ń bọ̀."

"Bí kò bá ṣeé ṣe ńkọ́?"

"A jẹ́ pé ọwọ́ la máa fi ṣẹ́ àgbàdo. Èmi ni n ó kọ́kọ́ wọ oko."

Wọ́n kùn, wọ́n kùn, wọ́n fún un. Àwáwù yọ ọwọ́ rẹ̀ kúrò nínú tèmi, ó sì lọ sílé.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Bàbá Jẹ́jẹ́ ru agbada sìmẹ́ńtì wá sílé Àwáwù láti tún igun tó fọ́ ṣe. Mo tẹ̀lé e, ta ló máa jẹ́ kó dá lọ? Pákó gígùn kan wà lẹ́yìn ilé tó fẹ́ fi gbá sìmẹ́ńtì náà dúró, ṣùgbọ́n kò lè dá a gbé. Bí mo ṣe ń wá ibi tí n ó sọ ẹrù mi kalẹ̀ sí, Àwáwù ti jáde. Ojú rẹ̀ wú, ẹkún kò tíì dá. Kò kí i. Ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé ìdí pákó, Bàbá Jẹ́jẹ́ gbé orí, wọ́n sì jọ ń bọ̀ wá sí ojúde. Bàbá Jẹ́jẹ́ yà sọ́tùn-ún ní kọ́nà. Ó ti kọjá tán kó tó bojú wẹ̀yìn, pákó náà kò sì kan ojú oórì rárá.

Ó dúró. Ó ní, "Àwáwù, jẹ́ ká dá a padà."

"Ká dá kí ni padà?"

"Pákó yìí. Jẹ́ ká dá a padà sẹ́yìn ilé, ká tún un gbé wá."

Àwáwù wò mí. Ó ní, "Ìyá Mọ́nsúrù, ṣé ara ọkọ yín le báyìí?"

Wọ́n dá a padà, wọ́n tún un gbé wá. Ó tún ní kí wọ́n dá a padà. Ìgbà tó yá ló bi í pé, "Kí lo ń ṣe ní kọ́nà yìí gan-an?"

Inú ti bí Àwáwù. Ó ní, "Kí ni mo ń ṣe? Mo ń yà síta ni! Bí ẹ bá yà sọ́tùn-ún níwájú, èmi tí mo wà lẹ́yìn gbọ́dọ̀ yà sósì. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, pákó á gbá ìyá mi."

Bí ojú bá ń sunkún, a máa ríran. Bàbá Jẹ́jẹ́ bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí ìdajì àdúgbò gbọ́, ó ju pákó sílẹ̀, ó sáré lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Sìmẹ́ńtì fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í le nínú agbada. Èmi àti Àwáwù la wá mọ igun oórì náà padà, mo ń ṣépè fún jórinjórin bí mo ṣe ń mọ ọ́n, Àwáwù kò sì dá mi lẹ́kun.

Ohun tó ṣe kò le, bí èèyàn bá ti rí i tán. Táyà ẹ̀yìn tírélà náà kò lè yà tẹ́lẹ̀. Ńṣe ni wọ́n dúró gán-án, tí iwájú ń wọ́ wọn. Ó gé wọn kúrò, ó tún wọn dè kí wọ́n lè máa yà. Ó wá na irin méjì láti ibi tí katakata ti ń fà á dé ọ̀dọ̀ táyà ẹ̀yìn, ó sì jẹ́ kí àwọn irin náà dábùú ara wọn lábẹ́. Bí iwájú bá yà sọ́tùn-ún, irin á ti ẹ̀yìn sósì. Ọkọ mi Mùstàfá bá a di irin mú, ó wálé wá sọ fún mi pé ẹ̀gbọ́n òun ń pe tírélà náà ní Àwáwù bó ṣe ń jó o, pé, "Yà síta, Àwáwù, yà síta." Mo ní kó máà sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Mo sì lọ sọ ọ́ fún Àwáwù. Ó kàn ń yí èlùbọ́ rẹ̀ lórí àpáta.

Ọjọ́ ọjà pé. Ẹnu ẹ̀rọ náà ti wà lórí tírélà, Gbádébọ̀ ti gun katakata, ọ̀nà kún fọ́fọ́. Ìgbà náà ni Àwáwù jáde pẹ̀lú ẹní. Ó tẹ́ ẹ sí ẹ̀bá ojú oórì, níbi tí táyà gùn lọ́jọ́sí gan-an, ó sì jókòó.

Ó ní, "Bó bá máa gun ìyá mi, èmi ni yóò kọ́kọ́ gùn."

Àlàájì pariwo. Bàbá kékeré rẹ̀ pariwo jù ú lọ, ó ní kí wọ́n gbé e kúrò níbẹ̀. Bàbá Jẹ́jẹ́ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó wo irin abẹ́ tírélà lẹ́ẹ̀kan sí i, ó nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ṣòkòtò, ó bọ́ bàtà. Ó lọ jókòó sórí ẹní náà, láàárín Àwáwù àti ọ̀nà.

"Gbádébọ̀, máa bọ̀."

Gbádébọ̀ ní òun ò ní wá pa èèyàn.

"Mo ní máa bọ̀."

Katakata bú. Mo fi ọwọ́ bojú, mo sì ń yọjú láàárín ìka. Katakata yà sọ́tùn-ún, ó kọjá. Tírélà tẹ̀lé e, eyín irin ń gbọ̀n jìgìjìgì lókè orí wọn, àwọn méjèèjì kò mira. Bí ẹ̀yìn ṣe dé kọ́nà, ó yà síta fúnra rẹ̀, ó jìnnà sí wọn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá ògiri ilé Àlàájì fúnra rẹ̀ ní òdìkejì ọ̀nà. Eruku sọ, a ò rí nǹkan kan mọ́.

Nígbà tí eruku rọlẹ̀, wọ́n ṣì jókòó síbẹ̀, wọ́n funfun láti orí dé ẹsẹ̀. Ipa táyà wà lọ́hùn-ún, ewúrẹ́ kan lè sùn sí àárín rẹ̀ àti ẹní. Àwọn àgbẹ̀ ń hó tẹ̀lé tírélà lọ sóko. Àwáwù kò wo tírélà, kò wo èmi tí mo ń sunkún bí òmùgọ̀. Ó gbé ọwọ́ kan lé sìmẹ́ńtì tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ, ó fi èkejì di ọwọ́ ọkùnrin náà mú, ó sì tẹrí ba sí ojú oórì.

Ó ní, "Ìyá mi, ẹ bá mi kí i káàbọ̀. Ọkọ mi nìyí."