Àpótí Ọwọ́ Òsì

Bí òjé tí mo fi ń lẹ wáyà bá ti ń yọ́ lẹ́nu irin gbígbóná, tí èéfín rẹ̀ rọra gòkè wá bá imú mi, kì í ṣe yàrá iṣẹ́ mi ní Wàndó ni mo máa ń wà mọ́. Agboolé wa ní Àjàṣẹ́ àtijọ́ ni mo ń padà sí, ní sálọ́ọ̀nù, yàrá àlejò Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi. Ẹ̀yin ọmọ òde òní á fi iṣẹ́ tí mo ń fi ọjọ́ ogbó ṣe rẹ́rìn-ín. Àwọn kọ̀ǹpútà àtijọ́ tí wọ́n ń so mọ́ tẹlifíṣọ̀n, tí ọ̀pọ̀ wọn ti dé ààtàn, ni mo ń ṣe àpótí kékeré fún, kí mànẹ́ẹ̀tì tí kò bá wọn mu lè bá wọn ṣiṣẹ́. Mànẹ́ẹ̀tì ni ọ̀pá kúkúrú tí a fi ń darí ohun tó ń sáré nínú eré orí kọ̀ǹpútà. Àwọn tó fẹ́ràn nǹkan àtijọ́ ń wá mi wá láti Kútọnu.

Tọ́ntọ̀n, àbúrò bàbá mi, ló gbé kọ̀ǹpútà àkọ́kọ́ wọ agboolé wa láti Faransé. Ẹ̀gbẹ́ àga Ìyá Àgbà ló gbé e sí, nítorí Ìyá Àgbà ò gbà kí wọ́n gbé àga òun kúrò fún nǹkan tí kò lè kí òun káàárọ̀. Ní ọ̀sán Ọjọ́rú tí kò sí iléèwé, gbogbo àwa ọmọ á jókòó sórí ẹní, a ó máa dúró kí ó kàn wá. Bó bá kàn mí, ìtìjú ni. Ọlọ́wọ́ òsì ni mí, ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n sì ṣe mànẹ́ẹ̀tì yẹn fún. Àtàǹpàkò òsì ló ń tẹ bọ́tìnnì ìbọn. Ọkọ̀ òfurufú mi kì í pẹ́ já lulẹ̀, àwọn ẹ̀gbọ́n mi á sì hó yèè.

Mùsílíù ló rí omijé mi. Fòfó Musí là ń pè é, bí a ṣe ń pe ẹ̀gbọ́n ọkùnrin níbí. Ọmọ aládùúgbò wa ni, ó ń kọ́ṣẹ́ àtúnṣe rédíò, Tọ́ntọ̀n sì fẹ́ràn rẹ̀ débi pé ó ti ṣèlérí láti mú un lọ sí Kútọnu, kó fi í sí iléèwé tí wọ́n ti ń kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ. Musí tó ń fi ọwọ́ ọ̀tún ṣe gbogbo nǹkan jókòó, ó ń ro ti ọwọ́ òsì mi. Ó ní bí a bá yí mànẹ́ẹ̀tì sẹ́gbẹ̀ẹ́, bọ́tìnnì á bọ́ sábẹ́ àtàǹpàkò ọ̀tún, ọwọ́ òsì á sì rí ọ̀pá dì mú. Àmọ́ bí a bá tì í síwájú, ọkọ̀ á gba ẹ̀gbẹ́ lọ. Ó wá fi abọ́ ọṣẹ onírọ́bà ṣe àpótí kan sáàárín mànẹ́ẹ̀tì àti kọ̀ǹpútà, ó pààrọ̀ ibi tí wáyà kọ̀ọ̀kan ń lọ. Ó yọ ohun tí wọ́n fi ń yí ìkànnì lára rédíò kan tó ti kú, ó fi sí i lára. Tì í síhìn-ín, ó di ti ọwọ́ ọ̀tún. Tì í sọ́hùn-ún, ó di tèmi. Òórùn òjé gba gbogbo agboolé lọ́jọ́ náà.

Ní Ọjọ́rú tó tẹ̀ lé e, mo borí gbogbo wọn. Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé ibi tí mo wà. Tẹlifíṣọ̀n àti Ìyá Àgbà jọ kọjú sí mi ni. Bí mo ṣe ń ti ọ̀pá síwájú, ọwọ́ òsì ni mo ń nà sójú àgbàlagbà léraléra, níṣojú àlejò tó wá kí i láti Avrankou. Ìyá Àgbà dìde.

"Ta ló kọ́ ọmọ yìí ní ọwọ́ òsì nínú ilé mi?"

Kò sẹ́ni tó kọ́ mi. Bí wọ́n ṣe bí mi ni. Ṣùgbọ́n Musí, tó jókòó pẹ̀lú wa, mọ̀ pé akísà ni wọ́n fi ń di ọwọ́ ọmọ tó bá taku sí òsì, kí n sì tó la ẹnu, ó ti dọ̀bálẹ̀.

"Ẹ má bínú, Màmá. Èmi ni mo kọ́ ọ."

Ó rò pé wọ́n á kàn bá òun wí ni. Ìyá Àgbà ní kó má fi ẹsẹ̀ tẹ agboolé wa mọ́, ó sì sọ fún Tọ́ntọ̀n pé ẹni tó ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní àrífín kò ní bá a lọ síbì kankan. Tọ́ntọ̀n ò lè kọ ọ̀rọ̀ sí ìyá rẹ̀ lẹ́nu. Nígbà tó yá, èmi ló mú lọ sí Kútọnu.

Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn nìyẹn. Àyè Musí ni mo jókòó sí. Iṣẹ́ tó yẹ kó jẹ́ tirẹ̀ ni mo kọ́, ọwọ́ òsì tó tìtorí rẹ̀ pàdánù ni mo sì fi ń di irin gbígbóná mú títí dòní. Ọ̀pọ̀ ọdún ni òun fi gun zẹmíjánì ní Sèmè, tó ń fi ọ̀kadà gbé èrò nínú oòrùn. Bí a bá pàdé, ó ń kí mi tẹ̀ríntẹ̀rín, èmi ni mi ò mọ ibi tí mo máa fi ojú sí. Kò sí àpótí tí mo ṣe tí mi ò fi ọ̀nà ọwọ́ òsì sí, oníbàárà ì báà béèrè, ì báà má béèrè.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọbìnrin rẹ̀ mú un wá bá mi. Àrùn rọpárọsẹ̀ ti mú ọwọ́ ọ̀tún Musí, ó kàn ń fì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara ni. Dókítà ní kó máa fi òsì ṣe nǹkan kí ọwọ́ náà lè mọ iṣẹ́, mànẹ́ẹ̀tì ló sì sọ sí Musí lọ́kàn. Mo kan ìdí mànẹ́ẹ̀tì náà mọ́ pákó kó má baà yẹ̀, mo fa wáyà bọ́tìnnì sílẹ̀ kó lè máa fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Gbogbo ìgbà tí mo fi ń jó òjé, mi ò lè wo ojú rẹ̀.

"Fòfó," mo ní, "lọ́jọ́ yẹn, ó yẹ kí n sọ̀rọ̀."

Ó fi ọwọ́ òsì dá mi lẹ́kun, ohun tí ẹnikẹ́ni ò jẹ́ dán wò nílé Ìyá Àgbà. Ìyá Àgbà ti lọ, sálọ́ọ̀nù ti di ṣọ́ọ̀bù, mi ò sì rí ọmọ tí wọ́n ń fi akísà dì lọ́wọ́ mọ́. Òórùn òjé ò yí padà, ẹ̀bi tó wà lára mi náà ò yí padà. Musí ti ọ̀pá síwájú, ọkọ̀ òfurufú rẹ̀ já lulẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ó sì bú sẹ́rìn-ín.

"Irọ́ ni mo pa fún Màmá, àbí? Mi ò mọ ọwọ́ òsì rárá. Oyá, ìwọ wá kọ́ mi."

Mo gbé ọwọ́ òsì mi lé tirẹ̀, a sì jọ ti ọ̀pá náà síwájú.