Ẹja Ẹlẹ́yin Ìyá Ọkọ Mi

Ìyá ọkọ mi kì í kí mi kí wọ́n tó kí ikùn mi. Wọ́n á ti Ẹ̀pẹ́ wá sí ilé tí a háyà n'Ìkòròdú, wọn ò ní tíì jókòó tí ojú wọn á ti bà lé ikùn mi. Mo máa ń sọ pé, "Ìyá, èmi náà wà nílé o." Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á tún wò ó lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ẹja ni wọ́n ń tà. Odidi ọdún mẹ́fà ni wọ́n fi ń ṣa ẹja ẹlẹ́yin wá fún mi, torí wọ́n gbà pé obìnrin tó bá ń jẹ ẹja tó lóyún, òun náà á lóyún. Mi ò fẹ́ràn ẹyin yẹn rárá, bí iyanrìn ló máa ń rí lẹ́nu mi. Ṣùgbọ́n wọ́n á jókòó tì mí títí n ó fi jẹ ẹ́ tán, n ó sì máa dúpẹ́ bí òpùrọ́.

Ìgbà tí a ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ni dókítà ya okùn tín-ín-rín méjì sórí ìwé. Ó ní krómósómù X ni wọ́n ń jẹ́, okùn àjogúnbá inú ara, pé méjì irú rẹ̀ ló yẹ kí obìnrin ní, ṣùgbọ́n níbi púpọ̀ nínú ara mi, ẹyọ kan ló wà láti ìgbà tí mo ti wà nínú oyún. Ìyẹn ló jẹ́ kí ẹyin inú mi tètè tán.

Ọkọ mi ní kí èmi sọ fún ìyá òun. Lọ́jọ́ náà gan-an ni ilé-iṣẹ́ wọn pè é fún ofatáìmù. Akọni ọkọ!

Mo sọ ọ́ tán, àwo ẹja ẹlẹ́yin wà láàárín wa. Ẹ̀rù bà mí gan-an, torí bí wọ́n bá ní kí ọmọ wọn fẹ́ ìyàwó mìíràn, mi ò mọ̀ bóyá á lè kọ̀.

"Ṣé ẹja ò lè dá ẹyin rẹ padà?"

"Rárá, Ìyá. Bí wọ́n ṣe dá mi nìyẹn."

Wọ́n fa àwo sọ́dọ̀ ara wọn, wọ́n jẹ ẹja náà fúnra wọn, wọ́n sì padà sí Ẹ̀pẹ́. Fún oṣù kan gbáko, wọn ò wá.

Nígbà tí wọ́n wá, ọ̀bọ̀kún ńlá kan ni wọ́n gbé kalẹ̀. Mo là á, kò sí ẹyin kankan níbẹ̀.

"Ìyá, ẹja yìí ò lóyún."

"Ó pẹ́ tí mo ti ń rí bó o ṣe ń fajú ro tó o bá ń jẹ ìyẹn."

Ojú mi ni wọ́n ń wò. Mo yára ṣàwàdà kí n má baà sunkún.

"Ẹ ò tíì kí ikùn mi lónìí."

"Ìwọ ni mo wá kí."