Ojú Ẹ̀gbọ́n Mi Lábẹ́ Odò

Nínú pálọ̀ ìyá mi ní Iléṣà, fọ́tò kún ara ògiri débi pé ọmọńlé gan-an ò ríbi gbà kọjá. Bàbá mi wà níbẹ̀ nínú kóòtù. Àwa ọmọ wà níbẹ̀, àwọn ọmọ ọmọ náà ń rẹ́rìn-ín pẹ̀lú eyín kíká. Ẹnì kan ṣoṣo ni kò sí níbẹ̀, àkọ́bí ìyá mi, tí ibà pa kí wọ́n tó bí mi. Nígbà tó kú, àwọn àgbà ilé ṣe bí wọ́n ti máa ń ṣe. Wọ́n kó aṣọ rẹ̀, wọ́n mú fọ́tò rẹ̀ kan ṣoṣo, wọ́n dáná sun wọ́n, kí ìyá má baà máa rí ohun tí yóò máa sunkún lé lórí. Wọ́n ní omi ló dànù, agbè ò fọ́. Agbè ò fọ́ lóòótọ́, àwa tí a tẹ̀lé e la tún rọ́ kún inú rẹ̀.

Àdìrẹ alábẹ́là ni iṣẹ́ mi. Mo ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Alékúwodò, ní Òṣogbo, níbi tí mo ti ń fi àbẹ́là gbígbóná ya ojú èèyàn sára aṣọ. Ìyá mi ò ka iṣẹ́ yìí sí rí. “Ìgbà wo lo máa wáṣẹ́?” ló máa ń bi mí, bí ẹni pé eré ni mo ń ṣe láti ọjọ́ yìí. Ìdí nìyẹn tó fi yà mí lẹ́nu nígbà tó pè mí nígbà ọ̀gbẹlẹ̀ tó kọjá, tó ní kí n wá ya àwòrán kan fún òun.

“Ojú ẹ̀gbọ́n rẹ ti ń parẹ́ lọ́kàn mi,” ló wí. “Tẹ́lẹ̀, mo máa ń rí i kedere. Ní báyìí, bí mo bá rí ẹnu, mi ò ní rí ojú.”

Ọ̀rọ̀ àwọn àgbà ni mo fi dá a lóhùn. “Yèyé, omi ló dànù, agbè ò fọ́.”

“Mo mọ̀ pé agbè ò fọ́,” ló dá mi lóhùn. “Omi ọ̀hún ni mo fẹ́ rí.”

Mo ní n ó yà á sára aṣọ, kí a gbé e kọ́. Ó kọ̀. Ohun tí àgbà bá ti kó jáde nítorí ọ̀fọ̀, a kì í kó o wọlé padà, ìyá mi ò sì ní rú èèwọ̀ yẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn tó kó o jáde ti kú tán. Inú bí mi. Èwo ni ká ya àwòrán ká má ríbi gbé e sí? Òun ló wá sọ ibi tí a ó yà á sí. Odò kan wà lẹ́yìn oko ní Ọ̀tan-Ilé, níbi tí òun àti bàbá mi kọ́kọ́ gbé. Ibẹ̀ ló ti máa ń wẹ̀ fún ọmọ náà. Inú omi yẹn ló sì ti ń rántí ojú rẹ̀ jù, tí ọmọ náà nà sílẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, tí omi ń gba orí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kọjá, tó lajú ń wò ó.

A lọ. Odò náà ti fà, ó mọ́ gaara, àpáta pẹlẹbẹ kan sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Mo ti yọ́ àbẹ́là pọ̀ mọ́ àdín, mo po èédú lílọ̀ mọ́ apá kan, ẹfun mọ́ apá kejì, mo rọ wọ́n bí ìka. Mo kúnlẹ̀, mo ki ọwọ́ bọ omi, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi wọ́n ya ojú sára àpáta náà. Ìyá mi jókòó sórí àga ike, ẹsẹ̀ rẹ̀ nínú odò.

Iṣẹ́ abẹ́ omi kì í yá. Ìlà tí mo fà tọ́ á máa gbọ̀n. Ẹnu tí mo yà á dà bíi pé ó fẹ́ sọ̀rọ̀, á tún padé. Oòrùn ń gba àárín ewé wọlé, ó ń rìn lórí àpáta. Ó ṣe díẹ̀, mi ò mọ èyí tó jẹ́ ọwọ́ mi àti èyí tó jẹ́ omi mọ́, ohùn ìyá mi sì ń dún lókè orí mi bí ohùn ẹni tó ń pe èèyàn lójú oorun.

“Umú rẹ̀ ò rí bẹ́ẹ̀. Ùwọ lo yà yẹn,” ló wí, Ìjẹ̀ṣà ti já lẹ́nu rẹ̀.

Òótọ́ ni. Ojú ara mi ni mo ń yà, nítorí kò sí ojú mìíràn tí mo mọ̀. Mo fi èékánná ha á kúrò. Ó ní iwájú orí rẹ̀ yọ síta. Ó ní etí òsì rẹ̀ tẹ̀ síwájú, bíi ti ẹni tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀. Ó ní ó léjí. Bí mo ti ń yà á ló ń rántí sí i. Mo gbórí sókè. Ó ń sunkún, ó sì ń pe orúkọ kan tí mi ò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí. Mi ò ní kọ ọ́ síbí.

Àwọn ẹja wẹ́wẹ́ ti dé, wọ́n ń tọ́ àdín wò lára ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ìyá mi rẹ́rìn-ín pẹ̀lú omijé lójú. “Ẹ rọra,” ló sọ fún wọn. “Ọmọ mi ni.”

Mo nu ọwọ́, mo yọ fóònù kí n yà á. Ó wò mí. Mo dá a padà sápò.

Òjò ti rọ̀ báyìí, odò ti kún. Nígbà tí mo lọ kí ìyá mi láìpẹ́ yìí, mo bi í bóyá ó ṣì ń rí ojú ọmọ náà. Ó ní ojú náà ti lọ. Àánú rẹ̀ ṣe mí dọ́kàn.

“Ìwọ ńkọ́?” ló bi mí.

Mo dijú. Iwájú orí tó yọ, etí òsì, èjí, gbogbo rẹ̀ ń mì lábẹ́ omi.

“Mo ń rí i, Yèyé.”

Ó fa àga rẹ̀ sún mọ́ mi. “Ó dáa. Sọ bó ṣe rí fún mi.”