Ríbọ́ọ̀nù Òdòdó Èjìnrìn

Omi tí a fi ń rẹ ìdí òdòdó ni mo kọ́kọ́ máa ń rántí. Tó bá ti lo ọjọ́ mẹ́ta nínú ike, a máa ta sánsán, a sì tún máa rùn bí ewé jíjẹrà. Inú òórùn yẹn ni mo ti lo ọdún kan lẹ́yìn tí mo parí àgùnbánirọ̀, ní ṣọ́ọ̀bù òdòdó kan ní Lásúnwọ̀n, ní Ìkòròdú, nígbà tí iṣẹ́ tí mo kàwé fún kò tíì yọjú. Láti Jos ni rósì wa ti ń wá. Ìyókù, ẹ̀yìn ilé ọ̀gá mi ní Ìmọ̀ta la ti ń gé e.

Obìnrin ni ọ̀gá mi, kì í sì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n ó ní òfin kan tí kì í yẹ̀: òdòdó òkú àgbà gbọ́dọ̀ rẹ́rìn-ín, ti ọ̀dọ́ ni kó dákẹ́. Fún àgbà, a ó to aláwọ̀ ìyeyè mọ́ pupa, a ó sì fi ríbọ́ọ̀nù dúpẹ́ ẹ̀mí gígùn. Fún ọ̀dọ́, funfun nìkan.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kan tí ọ̀gá mi kò sí nítòsí, ìyá àgbàlagbà kan wọlé. Ọkùnrin tó fi ọkọ̀ gbé e wá kò sọ̀ kalẹ̀, ó kàn gbé orí lé sítíàrìn. Ìyá náà ní òun fẹ́ òdòdó roboto tí wọ́n máa ń gbé lé pósí.

"Ẹ kú ìrọ́jú, Mà. Ta ló ṣaláìsí?"

"Ìyá mi ni."

"Kí ni ká kọ sí i, Mà?"

"Kọ ọ́ pé, Ìyá mi, sùn re. Èmi ò ní lè débẹ̀, ọmọ mi. Òdòdó náà ni kó bá mi débẹ̀."

Mo ṣe ìṣirò. Ìyá yìí á tó ẹni àádọ́rin ọdún. Ìyá tirẹ̀ á ti lé ní àádọ́rùn-ún nìyẹn. Pé kò ní lè débẹ̀, mo ní orúnkún ló ń dùn ún. Ọkùnrin inú ọkọ̀, mo ní oorun ló ń kùn ún. Gbogbo rẹ̀ bára mu. Mo to òdòdó tó ń rẹ́rìn-ín. Lórí ìrù ríbọ́ọ̀nù kan mo kọ "Ọpẹ́ ni fún ẹ̀mí gígùn". Lórí èkejì, "Ìyá wa, sùn re", torí bí a ṣe máa ń kọ ọ́ fún ẹbí nìyẹn.

Èmi fúnra mi ni mo gbé e lọ sí Èjìnrìn lọ́jọ́ ìsìnkú. Kò sí ìkòkò lórí iná, kò sí orin. Àwòrán obìnrin kan tí kò tíì pé ogójì ọdún ló wà lẹ́nu ọ̀nà. Ọkùnrin inú ọkọ̀ ọjọ́sí jáde, ó ka ríbọ́ọ̀nù náà.

"Ta lẹ ní ó gbó?"

"Màmá tẹ́ ẹ gbé wá ní ìyá àwọn ni."

"Ẹ̀gbọ́n mi ni. Ọ̀sẹ̀ tí ìyá Màmá kú ni wọ́n bí i. Yétúndé ló ń jẹ́. Ìyá mi ni Màmá ń pè é látìgbà náà."

Èmi náà ní Yétúndé nínú ẹbí, bàbá rẹ̀ kì í sì í pè é ní nǹkan mìíràn ju Ìyá. Mo sì mọ̀ pé òbí kì í dé ibojì ọmọ rẹ̀. Mo mọ ohun méjèèjì. Mi ò so wọ́n pọ̀.

Ọkùnrin náà fi eyín já ìrù ẹ̀mí gígùn, ó tì í bọ àpò. Màmá ti ránṣẹ́ pé òun fẹ́ rí òdòdó náà kó tó lọ. Nínú yàrá, ó fọwọ́ pa ríbọ́ọ̀nù tó kù.

"Kà á fún mi."

"Ìyá wa, sùn re."

"Wa kẹ̀?" Ohùn rẹ̀ kò ròkè. "Mi ni mo wí."

Wọ́n ti gbé pósí dé ìta, kò sí àyè láti tún un kọ mọ́. Ó kọjú sí ògiri, ó ní ká máa lọ.

Nígbà tí mo ròyìn fún ọ̀gá mi, ó bi mí pé: "Yunifásítì yín ò kọ́ yín pé kẹ́ ẹ béèrè ọjọ́ orí?" Kò rẹ́rìn-ín.

Mi ò sọ fún Màmá nípa ìrù tí a já. Bóyá àánú ni, bóyá ojo ni, mi ò tíì lè sọ. Mo ti gbìyànjú láti gbà pé á ti gbàgbé, ṣùgbọ́n mi ò rí ẹ̀rí kankan. Ọ̀rọ̀ mẹ́rin péré ló lè rán sí ibojì ọmọ rẹ̀, mo sì bá a pa ọ̀kan dà.