Máàpù Ẹkùn

Òórùn tàdáwà ló máa ń gbé mi padà sí ọ́fíìsì wa ní Yábàá, ní ọdún mélòó kan lẹ́yìn tí ogun abẹ́lé parí. Máàpù la ń yà níbẹ̀. Èmi nìkan lobìnrin nídìí tábìlì, ọwọ́ mi sì dá ṣáká. Bí mo bá fa odò kan sórí bébà, díẹ̀ ló kù kí ẹ bu omi rẹ̀ mu. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, ìgbéraga sì wọ̀ mí lẹ́wù.

Lọ́dún kan, ọ̀gá wa gba iṣẹ́ wálé: kí a ya gbogbo ibi tí ẹkùn ṣẹ́kù sí nílẹ̀ Yorùbá. Ẹkùn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Àwọn agégẹdú ń gé igbó lọ ràì, ìjọba sì ti sọ pé igbó kan ṣoṣo làwọn máa tì mọ́ wọn, èyí tí máàpù wa bá tọ́ka sí. Bí a bá ṣì í yà, igbó òfìfo ni wọn yóò máa ṣọ́, ayùn yóò sì bá ẹkùn nílé.

Wọn kò rán wa lọ sínú igbó. Muṣin ni mo lọ. Àwọn ará Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ pọ̀ níbẹ̀, àwọn ọdẹ àtijọ́ tí wọ́n wá fi ọjọ́ ogbó jókòó ti ọmọ sì wà láàárín wọn. Mo ń kiri láti ojúlé dé ojúlé, ìwé lọ́wọ́, bàtà gogoro lẹ́sẹ̀, mo ń bi wọ́n ní ìbéèrè kan náà: “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ìlú wo lẹ ti pa ẹkùn tiyín?” Wọ́n ń dá mi lóhùn wéré, mo ń kọ ọ́ sílẹ̀. Wọ́n ní ẹni tó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Èmi béèrè, mo sì ṣìnà gbáà.

Nígbà tí mo ya máàpù náà tán, àmì pupa wà nídìí ìlú mélòó kan, ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù ṣù jọ sídìí ìlú ńlá kan bí eṣinṣin tó rí oyin. Ọ̀gá wò ó, inú rẹ̀ dùn. Igbó tó wà létí ìlú yẹn la máa dárúkọ lọ́jọ́ Ajé. Lọ́jọ́ Sátidé, mo ká máàpù mi, ó di Muṣin, kí n lọ fi han bàbá ọdẹ kan nínú àwọn tí mo ti bi, tó ń gbé lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ tó jẹ́ mẹkáníìkì. Kí n má purọ́, ìyìn ni mo ń wá lọ.

Bàbá kò mọ̀wé. Ó ní kí n dárúkọ àwọn ìlú tí mo fi àmì sí fún òun lọ́kọ̀ọ̀kan. Mi ò tíì kà á dé ìdajì tó fi bú sẹ́rìn-ín.

“Ọmọ mi, ààfin lo yà yìí o.”

“Ààfin kẹ̀, bàbá?”

“Ọba ló ni ẹkùn. Bí ọdẹ bá pa á, a ó fi aṣọ bo ojú rẹ̀, torí ọba ni òun náà, a ó gbé e lọ síwájú ọba. Ọdẹ kankan ò gbọ́dọ̀ bó o lóko. Oko tèmi sì jìn sí ìlú ní ìrìn ọjọ́ méjì. O bi mí ní ìlú, mo sọ ìlú fún ọ. Ẹkùn wo ni yóò máa gbé ẹ̀yìn ààfin?”

Ó tún wò mí. “Ìwọ gan-an, ọmọ ìlú ibo ni ẹ́?”

“Ògbómọ̀ṣọ́ ni mí, sà.”

“Ibo ni wọ́n bí ọ sí?”

“Èbúté Mẹ́ta.”

“O ti sùn ní Ògbómọ̀ṣọ́ rí?”

“Ẹ̀ẹ̀mejì, sà. Ìgbà ìsìnkú.”

“Ẹ̀n-ẹ́n! Bí ẹkùn náà ṣe jẹ́ ọmọ ìlú yẹn nìyẹn.”

Ojú tì mí gan-an. Mo kọ́kọ́ rò ó pé kí n panu mọ́, torí máàpù náà dára, orúkọ mi sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ayùn ò ní í mọ̀ pé ọwọ́ mi dá ṣáká. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, mo jẹ́wọ́ fún ọ̀gá. Ó pòṣé.

“Ìwọ lo yà á, ìwọ lo tún ń bà á jẹ́? Ṣó dá ẹ lójú?”

“Ó dá mi lójú, sà. Ẹ fún mi lọ́sẹ̀ kan.”

Ó fún mi. Mo bọ́ bàtà gogoro, mo wọ sálúbàtà, mo sì padà sí gbogbo ojúlé yẹn. Mi ò dárúkọ ìlú mọ́. “Ọjọ́ mélòó lẹ fi gbé e rìn? Odò wo lẹ là kọjá? Láàárọ̀, ṣé iwájú ni oòrùn ti ń pa yín ni àbí ẹ̀yìn?” Àwọn bàbá tí wọ́n ti fi ìṣẹ́jú kan dá mi lóhùn tẹ́lẹ̀ wá jókòó, wọ́n ń sọ ọ́ títí oúnjẹ ọ̀sán wọn fi tutù. Bí mo ṣe ń yà á, àmì pupa ń kúrò nídìí ìlú lọ́kọ̀ọ̀kan, títí wọ́n fi pàdé nínú igbó kan láàárín odò méjì, igbó tí ẹnikẹ́ni nínú wa ò rò kàn.

Èyí ni a fi ránṣẹ́. Mo gbé ẹ̀dà rẹ̀ kan lọ fún bàbá ọdẹ, mo sì mú ìka rẹ̀ lé igbó náà. Lọ́tẹ̀ yìí, kò rẹ́rìn-ín. Ó ṣí fìlà. “Kábíyèsí,” ló wí.

Wọ́n ti igbó náà mọ́ àwọn agégẹdú. Bàbá ti lọ tipẹ́. Èmi náà ti darúgbó, mi ò sì fojú kan ẹkùn rí láyé mi, àfi ti orí bébà. Lọ́dún tó kọjá, ọmọ mi ń wà mí lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, a sì gba ẹ̀bá igbó náà kọjá. Ó ṣì dúdú minimini. Mo ní kó dúró. Ó rò pé nǹkan já bọ́ lọ́wọ́ mi ni, nígbà tó rí i tí mo kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì.