Ẹja Òkun Méje Nínú Yàrá Mi ní Kabba

Ẹja òkun méje ló kú sínú yàrá mi ní Kabba láàárín ọjọ́ mẹ́ta, iyán ló sì pa wọ́n. Kì í ṣe pé ẹnikẹ́ni sè wọ́n mọ́ ọbẹ̀ iyán. Iyán gan-an ni mo wí, iyán tó funfun, tó kúnná, tí wọ́n gún tìfẹ́tìfẹ́. Àwọn tó fi iyán náà pa wọ́n kò jẹ̀bi nǹkan kan. Ẹni tó jẹ̀bi ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀, mo sì mọ̀ ọ́n dáadáa, nítorí pé èmi ni.

Nígbà náà, Kabba ṣì wà lábẹ́ Ìpínlẹ̀ Kwara. Mi ò tíì pé ọgbọ̀n ọdún, mo ń ṣe akọ̀ròyìn fún ìwé-ìròyìn kan ní Ìlọrin, ojú mi sì ga ju orí mi lọ. Olóòtú wa ní kí n lọ máa gbé Kabba, kí n máa fi ìròyìn ibẹ̀ ránṣẹ́. Lójú mi, ìyà ni wọ́n fi jẹ mí. Ọmọ Mọ̀pà ni mí, Kabba kò sì jìnnà sí ilé bàbá mi, ṣùgbọ́n Èkó ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà, mo sì gbà pé ẹni tó ti rí òkun kò yẹ kó máa gbé ìlú tí ìròyìn tó tóbi jù níbẹ̀ jẹ́ ti ewúrẹ́ tó wọ ọgbà kánsù. Oṣù mẹ́rin ni mo fi kọ̀wé nípa iye tí wọ́n ń ta iṣu. Nígbà tí mo lọ bẹ olóòtú pé kó gbé mi padà, ó wò mí láti òkè gíláàsì ojú rẹ̀, ó ní, "Wá ìròyìn kan láti Kabba tó máa gba ojú ewé kìn-ín-ní. Ọjọ́ tí o bá rí i, ọjọ́ náà lo padà sí Ìlọrin."

Mo wá a, mi ò rí i. Mo pinnu láti ṣe é fúnra mi. Àwọn àgbà ní ẹni tó ń wá ìfà ń wá òfò. Mo ti ń gbọ́ ọ tipẹ́, ẹlòmíràn ni mo rò pé wọ́n ń bá wí.

Ní Èkó, mo ti rí àpótí gíláàsì kan nínú pálọ̀ òyìnbó kan tó jẹ́ ọ̀gá ilé-iṣẹ́. Omi òkun ló kún inú rẹ̀. Òkúta wà nísàlẹ̀, nǹkan ẹlẹ́mìí sì lẹ̀ mọ́ àwọn òkúta náà. Àwọn kan là sílẹ̀ bí òdòdó, tí nǹkan bá sì kàn wọ́n, wọ́n á ká ara wọn kò bí ewé patanmọ́. Àwọn ẹja kéékèèké tó ní ìlà dúdú lára ń lọ ń bọ̀ láàárín wọn. Òyìnbó náà ń múra àtilọ sí ìlú rẹ̀. Mo ra àpótí náà lọ́wọ́ rẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀rọ kékeré tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú omi, àti ìwé kan tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ, tó ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń tọ́jú rẹ̀. Mo bẹ apẹja kan létí òkun, ó bá mi pọn omi sínú kẹ́ẹ̀gì ogún, ó sì bá mi ṣa òkúta ẹlẹ́mìí láti ibi tí ìgbì ti ń kọ lu àpáta. Mo wá kó gbogbo rẹ̀ sínú ọkọ̀ ńlá kan tó já iṣu Kabba sí Èkó tó ń padà sílé lófìfo.

Awakọ̀ náà yí kẹ́ẹ̀gì wọ̀nyẹn ká lẹ́ẹ̀mejì. "Akọ̀wé," ó ní, "mo ti gbé iṣu. Mo ti gbé màlúù. Mo ti gbé òkú. Mi ò tíì gbé omi kúrò l'Ékòó rí. Ṣé odò Òyì ti gbẹ ni?"

Lọ́nà Ọ̀wọ̀, ọlọ́pàá dá wa dúró. Ó dá a lójú pé ògógóró ló wà nínú kẹ́ẹ̀gì. Mo ní omi òkun ni, sà. Ó ní kí n mu ún kí òun rí i. Mo mu ún. Ó wo bí ojú mi ṣe rí, ó gbé igi ojú ọ̀nà sókè, ó ní, "Ẹ máa lọ. Ẹni tó bá ń fi irú èyí ṣe fàyàwọ́, Ọlọ́run ti fìyà jẹ ẹ́."

Ẹni tó bá rò pé ó parí síbẹ̀ kò tíì tọ́jú òkun rí. Ìwé òyìnbó yẹn ní omi àti òkúta ni kí n kọ́kọ́ fi sílẹ̀ fún oṣù kan ó lé, kí omi náà lè gbó, kó mọ ilé, kí ẹja tó wọ̀ ọ́. Mo dúró. Ọyẹ́ dé, omi bẹ̀rẹ̀ sí í fà. Mo fi bírò fa ìlà sára gíláàsì, láràárọ̀ ni mo sì ń bu omi òjò tó mọ́ tí mo ti tọ́jú pamọ́ kún un títí yóò fi kan ìlà náà. Ìyá onílé mi, opó kan láti Iyah-Gbede tó lọ́kọ sí Kabba, a máa dúró lẹ́nu ọ̀nà, á máa wò mí. Ìyé ni mo ń pè é, bí a ṣe ń pe ìyá lọ́dọ̀ wa. "Òkun lo pè é," ó ní, "omi òjò lò ń dà sí i. Ṣé iyọ̀ ni kò sí nílé?" Mo ṣàlàyé fún un pé omi nìkan ni ọyẹ́ ń fà, iyọ̀ kì í bá a lọ, tí mo bá tún bu iyọ̀ sí i, yóò pọ̀ jù. Ó ní ọgbọ́n wà níbẹ̀. Ìgbà kan ṣoṣo tí mo la ẹnu ṣàlàyé nǹkan fún un nìyẹn.

Iná mànàmáná kì í dúró. Bó bá ti lọ, ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ á dákẹ́, èmi náà á gbé páǹpù kẹ̀kẹ́, màá jókòó ti òkun mi, màá fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i bí ẹni ń fẹ́ ẹ sí táyà. Àwọn tó bá ń kọjá á kí mi kú iṣẹ́, wọ́n á wá rẹ́rìn-ín nígbà tí wọ́n bá dé iwájú díẹ̀.

Nígbà tí oṣù pé, mo bá ọkọ̀ iṣu kan náà lọ sí Èkó, mo kó ẹja méje bọ̀ nínú ọ̀rá tó kún fún omi òkun àti afẹ́fẹ́. Gbogbo wọn yè. Mi ò lè purọ́, wọ́n lẹ́wà. Nígbà tí oòrùn àárọ̀ bá gba ojú fèrèsé wọlé sára wọn, mo máa ń gbàgbé Ìlọrin fún ìṣẹ́jú bíi mẹ́wàá. Lọ́jọ́ méjì méjì ni mo ń fún wọn lóúnjẹ, edé gbígbẹ tí mo lọ̀, ìwọ̀nba tí ìka méjì lè mú. Ìwé náà ti kìlọ̀ pé èyí tí wọn kò bá jẹ tán yóò jẹrà, omi yóò di májèlé, ẹja yóò sì kú sínú rẹ̀. Mo kọ òfin yìí ní lẹ́tà gàdàgbà, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara gíláàsì. Èdè òyìnbó ni mo fi kọ ọ́.

Mo wá jókòó, mo kọ ìròyìn. Mo pe ara mi ní "ọ̀dọ́mọkùnrin onílàákàyè kan ní Kabba." Mo fi ọ̀rọ̀ sí ọ̀dọ́mọkùnrin náà lẹ́nu, mo sì yìn ín pé ó sọ̀rọ̀ dáadáa. Ojú ewé karùn-ún ni wọ́n gbé e sí, lábẹ́ ìpolówó ọṣẹ. Ṣùgbọ́n kọmíṣọ́nnà kan kà á, ó sì ní òun fẹ́ wá fi ojú ara òun rí i lọ́jọ́ Sátidé. Olóòtú ránṣẹ́: "Bí kọmíṣọ́nnà bá rí ẹja, ojú ewé kìn-ín-ní ni. Máa di ẹrù rẹ." Mo wọkọ̀ lọ sí Ìlọrin lọ́jọ́ Tusidé láti lọ rán kóòtù. Mo fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ fún Ìyé, mo ní kó máa ṣílẹ̀kùn fún ẹni tó bá fẹ́ wò wọ́n, kó má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan gíláàsì.

Ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn án. Ọjọ́ Fúráìdè ni mo dé. Láti ẹnu ọ̀nà ni mo ti gbóòórùn. Omi náà ti funfun bí omi ògì, ọ̀rá epo ń dán lójú rẹ̀, ẹja méje sì dojú ikùn sókè.

"Ìyé! Kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Kí ló ṣẹlẹ̀ báwo?" Ó ti múra ìjà sílẹ̀ dè mí. "Kí ni ìwọ fi sílẹ̀ fún àlejò nígbà tó o lọ? Edé tí ò ń bù fún wọn bí ẹni ń bu aáṣáà! Ará ìlú dé, wọ́n ní ilé ta nìyí tí ebi ti ń pa àlejò? Ojú tì mí, mo gún iyán."

"Ẹ̀yin nìkan?"

"Ó tì o! Ta ni kò fún wọn? Àwọn ará Ìyárá gbé tiwọn wá. Àwọn ará Òkè-Bùkún gbé ẹ̀bà wá, mo ní rárá, ẹ̀bà á le jù fún ẹnu wọn. Ẹnì kan ní iyán lásán kò ṣeé gbé mì, ó bá wọn fi ẹ̀gúsí sí i."

"Wọ́n sì jẹ ẹ́?"

"Lọ́jọ́ kìn-ín-ní, wọ́n jẹ ẹ́ bí ẹni tó toko dé. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n ń rò ó. Lánàá ni wọ́n ti sùn."

"Ìyé, ẹ kò rí ohun tí mo kọ sára gíláàsì?"

"Mo rí i. Ó mà dára o. Kí ló wí?"

Mo sáré lọ pe ọ̀rẹ́ mi kan tó jẹ́ olùkọ́ sáyẹ́ǹsì nílé-ìwé girama. Ó fi imú fà á lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. "Akọ̀ròyìn," ó ní, "ọbẹ̀ nìyí." Mo ní kí ni a lè ṣe kí òkúta ẹlẹ́mìí má bàa kú pẹ̀lú. Ó ní kí n da ìdajì omi nù, kí n pọn tuntun. Mo ní níbo? Ó ní nínú òkun. Ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì mi, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Nígbà tó ṣe tán, ó lọ sẹ́yìnkùlé lọ ṣàlàyé fún Ìyé ohun tí iyán ṣe. Èmi kò bá a lọ. Mo ń sin ẹja.

Kọmíṣọ́nnà dé lọ́sàn-án ọjọ́ kejì pẹ̀lú ọkọ̀ mẹ́ta. Mo wọ kóòtù tuntun. Ó tẹ orí mọ́ gíláàsì, ó wò ó, ó wò ó. "Àwọn ẹja náà ńkọ́?"

Ọlọ́run fún mi láyè láti sọ òtítọ́. Ìyé dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ti ya ẹnu. Mo wo ojú rẹ̀ kíkankíkan, ó pa á dé. "Wọ́n wà lẹ́yìn òkúta, sà," ni mo wí. "Ojú yín ló ń tì wọ́n."

Bí mo ti ń wí bẹ́ẹ̀, akàn kékeré kan tó bá òkúta wá láti Èkó yọ ẹsẹ̀ kan jáde. Kọmíṣọ́nnà pàtẹ́wọ́. "Mo rí wọn!" Gbogbo àwọn tó tẹ̀ lé e náà kígbe pé, "A rí wọn, sà!" Ó ní èyí ni òkun àkọ́kọ́ ní gbogbo apá wa, ìjọba yóò sì gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀ láti kọ́ èyí tó tóbi ju bẹ́ẹ̀ lọ sí Kabba, kí àwọn àlejò láti òkè òkun lè máa wá wò ó. Kò sẹ́ni tó bi í pé kí ni àwọn tó ń gbé etí òkun fẹ́ wá wò.

Mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Mo kọ ọ́ pé ẹja fara pamọ́ nítorí ọ̀wọ̀ tí wọ́n ní fún ìjọba. Ojú ewé kìn-ín-ní ni.

Ní àárọ̀ tí mo ń di ẹrù, Ìyé wọlé wá, ó kúnlẹ̀. Obìnrin tó dàgbà ju ìyá mi lọ kúnlẹ̀ fún mi. Ó ní, "Ọmọ mi, olùkọ́ ti sọ ọ́ fún mi. Èmi ni mo pa àlejò rẹ. Ilé mi ni wọ́n kú sí. Mi ò mọ̀, má fi ọ̀rọ̀ mi sínú." Mo gbé ọwọ́ lé e léjìká. Mo ní, "Ó ti tán, Ìyé. Mo ti dárí jì yín."

Mo dárí jì í! Èmi tí mo mọ òfin, tí mo kọ ọ́ ní èdè tí kò gbọ́, sínú ilé rẹ̀. Èmi ọmọ Mọ̀pà, tí mo mọ̀ pé lọ́dọ̀ wa, ẹni tó bá jẹ́ kí àlejò fi ebi sùn ti ba orúkọ ilé rẹ̀ jẹ́. Gbólóhùn kan péré ni ì bá gbà lẹ́nu mi. Ẹnu mi kò yá bẹ́ẹ̀. Ó ń yá fún kọmíṣọ́nnà. Ìyé jáde lọ pẹ̀lú ẹ̀bi tèmi, ó gbé e títí ó fi kú. Àwọn ọmọ rẹ̀ ní nígbà ogbó rẹ̀, bí àlejò bá dé, ó máa ń kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ wọn pé, "Ṣé iyán kò ní pa yín lára?" Wọ́n rò pé ogbó ló ń dà á láàmú.

Lẹ́yìn tí wọ́n pín ìpínlẹ̀, tí Kabba bọ́ sí Kogi, iṣẹ́ mìíràn gbé mi dé ọ́fíìsì ìjọba kan. Mo béèrè ìgbìmọ̀ náà. Mo rò pé wọ́n á fi mí ṣe ẹlẹ́yà. Òṣìṣẹ́ tó wà níbẹ̀ kò rẹ́rìn-ín rárá. Ó ní ọ̀rọ̀ náà kò tíì kú, fáìlì ṣì ń bọ̀ láti Ìlọrin; bó bá ti dé, wọn yóò yan àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ tuntun, wọn yóò sì wá sí Kabba wá wo àwọn ẹja náà. Ó ní kí n bá wọn sọ fún onílé pé kó máa tọ́jú wọn dáadáa títí ìjọba yóò fi dé.